Alùpùpù Tó Ń Húkọ́ Lọ́jọ́ Ẹtì

Orí mi dàrú lọ́dún tí wọ́n ń la títì ńlá gba Òrè kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Olùkọ́ ni mí. Apá Ọ̀yọ́ ni ìjọba ti gbé mi wá sí Òdìgbó. Ọkọ mi ń bá àwọn tó ń la títì ṣiṣẹ́ ní Òrè, ó sì háyà yàrá síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń gun ògbólógbòó alùpùpù rẹ̀ wá bá mi, á sì padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Nígbà mìíràn, àárọ̀ Sátidé ni màá tó rí i. Bí mo bá bi í, á ní, “Kábúrétọ̀ ni,” ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ fún ẹnjìnnì. Lóòótọ́, alùpùpù náà máa ń húkọ́ wọlé ni, tí èéfín dúdú á bo iwájú ilé. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ Ajé, geere ló ń lọ. Irú àìsàn wo nìyẹn, tó mọ ọjọ́? Mo ti ń rò ó pé obìnrin kan wà ní Òrè, mo sì ti ń di ẹrù mi lọ́kàn.

Mẹkáníìkì gan-an ò mọ èwo ni ṣíṣe. Ó ní epo ń pọ̀ jù, ó yọ jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò bíńtín tí bẹntiróòlù ń gbà, ó fi èyí tó kéré sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnjìnnì gbóná bí ààrò, ó ní epo ò tó. Ló bá tún fi ńlá sí i! Ẹ gbà mí o, ta ló ń tan ta?

Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí a ò ṣe iléèwé, mo wọkọ̀ lọ bá ọkọ mi ní Òrè. Ìyá onílé rẹ̀, arúgbó ọmọ Ìkálẹ̀, ni mo bá nídìí alùpùpù. Wọ́n ń fi àkísà di ẹnu filítà, ibi tí ẹnjìnnì ti ń mí.

“Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe yẹn?”

“Eruku àwọn katakata yìí ni, ọmọ mi. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń dì í, kó má baà fa eruku sáyà lọ́nà ilé yín.”

Háà! Èmi tí mo ń fọ alùpùpù yẹn ní gbogbo Sátidé, mo ti ju àkísà yẹn nù títí! Mo ṣebí ọkọ mi ló fi ń nuwọ́ ni. Abájọ tó fi ń húkọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, tó sì ń lọ geere lọ́jọ́ Ajé. Òun náà kì í wòdí rẹ̀, gígùn nìkan ló mọ̀. Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má dì í mọ́. Mẹkáníìkì dá jẹ́ẹ̀tì padà sí ìwọ̀n tó yẹ, a sì jọ gùn ún délé láìdúró. Ọkàn mi balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo se ìrẹsì, mo gbé àga síta. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, ọbẹ̀ tutù, ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó gbúròó alùpùpù. Kò húkọ́, kò rú èéfín. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó ní kábúrétọ̀ yìí fẹ́ pa òun.

Mo ní, “Ara alùpùpù ti yá. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ó tẹ̀ ba, ó ń wá àkísà kiri lẹ́nu filítà.