Ọmọ Méjì Lójú Ìwé Kan

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Àwọn kan wá sí Akpakpa, àdúgbò wa, wọ́n ní àwọn ń ṣe ìwádìí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń dàgbà. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi aṣọ so ọmọ rọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n, bí ẹni ń wọn ẹran. Ìyá tó bá gbé ọmọ wá ni wọ́n ń ya ojú ìwé fún, kì í ṣe ọmọ.

Èmi àti ìyáálé mi ní ọmọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń gbé èyíkéyìí nínú ọmọ méjèèjì lọ. Bí wọ́n bá bi í, á ní, “Ọmọ mi ni.” Kò purọ́. Nílé wa, a kì í sọ pé ti lágbájá nìyí.

Lóṣù kẹrin, mo gbé ọmọbìnrin mi lọ, ìyáálé mi sì tẹ̀lé mi. Akọ̀wé wọn, ọmọ Pobè kan, wo ìwé, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ìyá, ọmọ yìí ń rù, ó wúwo ju báyìí lọ lóṣù tó kọjá. Ilé ìwòsàn ló máa sùn lónìí.”

Mo wo ọmọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi níkùn. Ṣé òṣùwọ̀n ló ń purọ́ ni, àbí ojú mi?

Akọ̀wé ṣàlàyé pé àwọn ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà, ìyẹn ò burú. Bí kálukú ṣe ń gòkè láti ibi tiẹ̀ lòun ń wò. Òun sì fẹ́ ya ohun tó ti ọ̀dọ̀ ilé wá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀.

“Ṣé bí ẹni ń yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó fẹ́ẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀.”

Kò yé mi síbẹ̀. Ni ó bá béèrè, “Ṣé òun náà lẹ gbé wá lóṣù tó kọjá?”

Ìyáálé mi wà lẹ́yìn mi, ó pọn ọmọkùnrin rẹ̀ ràbàtà. Mo bojú wẹ̀yìn wò ó. Wọ́n ti ń ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

“Rárá. Ọmọ ìyáálé mi ni.”

“Ọmọ ta lo wí?” ni ìyáálé mi bi mí.

“Ọmọ yín, Ìyáálé mi. Ẹ má bínú.”

“Ó dáa. Ìwọ lo kọ́kọ́ pín wọn o.”

Akọ̀wé fa ìlà pupa gba gbogbo ojú ìwé mi kọjá. Ó ní ọmọ méjì ló wà lójú ìwé kan, pé kí n máa gbé ọmọ mi lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́, mo nawọ́ sí ọmọkùnrin náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìyáálé mi gbé e kúrò.

“Fi í sílẹ̀. Tìrẹ ń ké nínú yàrá.”

Ó ń ké lóòótọ́. Mo dúró lágbàálá, mi ò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí.