Ìkìlọ̀ Pupa Tí Ọ̀gá Mi Ò Lè Fi Sílẹ̀

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Malu Road fi ń parọ́ ọjọ́, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ tó máa ń bá a rántí ọjọ́ ti kú. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, tí wọ́n dá a padà, kọ̀ǹpútà á ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn la wà. Tí a bá wá ṣí ojú ìwé tí a fi ń gba ìyọ̀ǹda ẹrù ní èbúté Tin Can, ojú ìwé náà á mú sátífíkéètì rẹ̀ jáde bí ẹni ń fi káàdì han ẹ̀ṣọ́. Bíráúsà tó ń ṣí ojú ìwé fún wa á wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, á ní sátífíkéètì yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo ojú ẹ̀rọ á wá pọ́n: ewu ń bẹ níbí o, ẹ padà!

Ọ̀gá mi, tó ti ń bá àwọn èèyàn gbẹ́rù jáde láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́léósinmi, kì í padà fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ wa pé ká tẹ Adífáànsì, ká tẹ Pùròsíìdì, ìyẹn "máa lọ", ó parí. "Bí ẹni tó dúró ní géètì ni," ló máa ń wí. "O kí i, o kọjá."

Ọ̀rọ̀ Màmá ló sọ mí di alátùn-únṣe. Màmá ni ìyá onílé mi ní Amukoko. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti kọṣẹ́ ni wọn ò ti jáde, torí ìloro ilé ga nítorí àgbàrá, bí a bá sì gbé wọn kọjá ibẹ̀, igbe oró ni wọ́n ń ké. Ọmọ wọn ra àga onítáyà kan tó ń fi bátìrì rìn, ó fi ránṣẹ́ láti òkè òkun nínú kọ̀ntẹ́nà tí ọ̀gá mi ń bójú tó. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin. "Ọmọ mi," Màmá wí fún mi, "mi ò fẹ́ kírun Iléyá lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Yídì ni mo fẹ́ lọ." Mo ní wọ́n á lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo ra bátìrì tuntun, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Mo fi sí i, mo tún ọjọ́ ṣe. Iṣẹ́ wá ń wù mí ṣe, ni mo bá tún wọ inú ètò bíráúsà, mo yọ Pùròsíìdì kúrò pátápátá, kí ìkìlọ̀ lè padà di ìkìlọ̀. Ojú ìwé èbúté ṣí láìsí ariwo. Mo jókòó, mo ń retí oríyìn.

Ọ̀gá wọlé, ó wo ojú ẹ̀rọ, kò jókòó.

"Ta ló ṣí ayédèrú yìí?"

"Tiwa ni, sà. Ọjọ́ kọ̀ǹpútà ni mo tún ṣe."

"Ìkìlọ̀ pupa dà?"

"Kò sí mọ́, sà. Kò séwu."

Ó bọ́ fìlà. "Ìwọ, ẹni tó ti ń dá ẹ dúró ní géètì láti ọdún mẹ́jọ, tó bá ṣàdédé ní, 'Oga, pass, no wahala,' ṣé o ò ní wẹ̀yìn wò?"

Kí n má parọ́, màá wẹ̀yìn wò.

Òun nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ ojú ìwé náà. Ọjọ́ méjì ló fi wá, tó wò ó, tó pòṣé, tó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹnì kan fi línkì ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé ojú ìwé tuntun ti dé. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀rọ pọ́n. "Ẹ̀hẹ́n!" Ẹ̀rín gba gbogbo ẹnu rẹ̀. "Tiwa nìyí!" Mo wo àdírẹ́ẹ̀sì òkè: lẹ́tà kan lé. Iṣẹ́ olè ni.

"Pùròsíìdì mi dà?"

"Mo ti yọ ọ́, sà."

"O yọ ọ̀nà mi?"

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ipò mi. "Ilé olè lẹ fẹ́ wọ̀ yẹn, sà! Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì!" Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ò bá kìlọ̀ fún òun, òun ò ní tẹ nǹkan kan sí i. Ó jáde lọ mu omi.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Mo fa bébà yọ, mo fi bírò pupa kùn ún, mo kọ EWU Ń BẸ NÍBÍ sí i gàdàgbà, mo kọ Pùròsíìdì sísàlẹ̀. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ bí kọ́tìnnì bo ojú ìwé wa tòótọ́ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀gá padà dé, ó kà á, ó wò mí. Ó mọ̀ pé bébà ni. Síbẹ̀ ó na ìka, ó tẹ Pùròsíìdì mi, ó ká bébà sókè, ó jókòó, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìyọ̀ǹda dé kó tó di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ntẹ́nà sì jáde lọ́jọ́ kejì, a gbé àga Màmá délé.

Láàárọ̀ Iléyá, mo tẹ́ pátákó lé ìloro. Màmá wọ aṣọ funfun, wọ́n dijú pinpin, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Àga náà yọ̀ kọjá.

"Ìgbà wo la máa dé ìloro?"

"A ti kọjá, Màmá. Ìta la wà."

Wọ́n lajú. Àwọn èèyàn ń lọ sí yídì lójú títì. "Kò dùn mí," wọ́n ní. "Ṣé ẹnu ọ̀nà mi náà nìyẹn?" Wọ́n ní kí n dá àwọn padà ká tún un kọjá, torí ìloro tí ò dun àwọn, àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kí Màmá tó gbà pé a ti jáde.