Léèsì Ọjọ́ Ìdúpẹ́

Mo ṣí àpótí aṣọ mi ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ yìí, òórùn káfúrà sì gbé mi padà sí ìgbà èwe mi ní Oǹdó.

Léèsì aláwọ̀ ewé ni Màámi máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìn ìdúpẹ́ oṣooṣù. Lọ́jọ́ kan, àǹkárá ilé ló wọ̀. Bí a ṣe ń jó lọ síwájú pẹpẹ, obìnrin kan wọ léèsì yẹn níwájú wa. Òórùn káfúrà tiwa ṣì wà lára rẹ̀.

"Màámi, aṣọ yín rè é!"

Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn. Màámi rẹ́rìn-ín sí i: "Ẹ ó lò ó gbó o."

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ó ti tà á ká lè rí gàrí jẹ, nígbà tí owó oṣù àwọn tíṣà bíi tirẹ̀ kò jáde mọ́. Òun gan-an ò lò ó gbó.