Ojú tí Mo Yá Màmá Òkè

"Kí ló wà lójú fèrèsé lónìí?"

Báyìí ni Màmá Òkè ṣe máa ń kí mi káàbọ̀ láti ilé ìwé, kódà kí n tó sọ àpò ìwé mi kalẹ̀. Á ti jókòó sórí àpótí kékeré kan nínú ilé ìdáná rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ọ̀tún, ife tíì lọ́wọ́ òsì. Òórùn ẹ̀pà tó ń yan á ti gba gbogbo ilé. Nísàlẹ̀, ìró ọkọ̀ ojú títì A13 á máa hó láìdákẹ́, bí omi lórí iná. Màá lọ fi iwájú orí kan gíláàsì fèrèsé, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

"Bọ́ọ̀sì kan wà. Ọkùnrin kan ń fa ajá, ajá náà ò fẹ́ lọ. Crane sì wà, méjì."

"Kí ni ń jẹ́ crane?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. London ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá mi ò sì ju ti oúnjẹ àti ti ìbáwí lọ. Mo ronú títí. "Ẹ̀rọ ni, Màmá. Àwọn tó ń kọ́lé ló ń lò ó. Ó ga, ọrùn rẹ̀ gùn."

"Ọrùn bíi ti kí ni?"

"Bíi ti ẹyẹ funfun yẹn, tí ẹ sọ fún mi lánàá."

"Lékeléke."

"Bíi ti lékeléke."

"Ẹ̀hẹ́n," ó ní, ó sì fa tíì rẹ̀ mu. "Mo ti rí i báyìí."

Òkè wa gan-an ló ń gbé ní Castle Green, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ó lè mọ̀ pé ènìyàn dúró síwájú òun, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń bá a gbé ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọjọ́ mìíràn kì í délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá mi náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kì í tètè dé. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Màmá Òkè ni mo máa ń wà lọ́sàn-án. Màmá mi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé Màmá Òkè ló ń tọ́jú mi. Màmá Òkè ń sọ fún wọn pé èmi ni mò ń tọ́jú òun.

Mùsùlùmí ni, ti ìjọ Kádíríyà, láti abúlé apẹja kan lápá Ẹ̀pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, á máa pe orúkọ Ọlọ́run léraléra, ara rẹ̀ á máa mì díẹ̀díẹ̀, títí ohùn rẹ̀ á fi dà bí ti oyin nínú afárá. Aládùúrà ni àwa. Bí màmá mi bá ń lọ aṣọ funfun rẹ̀ nísàlẹ̀, á máa kọ orin ìjọ wa. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín ilé méjèèjì, kí n lè gbọ́ wọn pọ̀.

Ìgbà kan wá dé tí ọmọ rẹ̀ mú lẹ́tà ilé ìwosàn wá. Wọ́n ti fún un ní ọjọ́ tí wọ́n máa yọ awọ ojú náà. Wọ́n ní kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, pé yóò padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Màmá Òkè gbọ́ ọ tán, ó ní òun ò lọ.

"Kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kan ojú mi," ó ní, "láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ lọ kí wòlíì létí òkun."

Nílé wọn, lábúlé ọ̀hún, wòlíì kan wà tí wọ́n sin sí etí òkun, Ṣéù àgbà kan tó ti kú tipẹ́. Bí ọ̀ràn ńlá bá dé, ìyá rẹ̀ á fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ó sọ fún mi pé òrùlé rìbìtì aláwọ̀ ewé ló wà lórí ibojì náà, pé ó ga débi pé àwọn apẹja fi ń mọ ọ̀nà ilé. Kò lè lọ síbẹ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ò jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí pé wòlíì mìíràn wà nílẹ̀ yìí, atukọ̀ ojú omi kan láti ilẹ̀ Lárúbáwá, tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú kékeré kan létí òkun, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú níbẹ̀ títí tó fi kú.

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Màmá, wòlíì tiyín ti kú. Tiwa ṣì ń sọ̀rọ̀ ní ìjọ."

"Ìyàwó, tiwa náà ń sọ̀rọ̀. Tiyín ló ń pariwo."

Ọmọ rẹ̀ ò ráyè kúrò níbi iṣẹ́. Màmá mi ló gba àyè ọjọ́ kan láti mú un lọ, torí ó ti pẹ́ tí òun náà ti fẹ́ lọ gbàdúrà létí òkun, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìjọ wa ṣe máa ń ṣe ní Èkó. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sínú àpò, ó fi ìgò omi òfìfo méjì tì í. A wọ bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ Barking, a sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin.

Màmá Òkè di ọwọ́ mi mú látìgbà tí a ti jókòó. "Máa sọ," ó ní. Mo sọ nípa ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Dagenham, aṣọ lórí okùn, bọ́ọ̀lù tó há sórí òrùlé. Mo sọ nípa pápá olómi tí ẹṣin mẹ́ta dúró sí. Nígbà tí mi ò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, òun á fún mi ní mẹ́ta kí n yan èyí tó bá a mu. Obìnrin òyìnbó kan tó jókòó síwájú wa ń wò wá títí, ó wá bi mí pé kí là ń sọ. Mo ní ìyá mi àgbà ni mò ń fi ojú ọ̀nà hàn.

A dé ìlú náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tútù, ó ń rùn bí iyọ̀ àti ẹja yíyan. Màmá Òkè gbé imú sókè, inú rẹ̀ sì dùn. "Òkun nìyẹn. Báwo ló ṣe rí?"

Mo wo iwájú. Ẹrẹ̀ ni mo rí, ẹrẹ̀ títí dé ibi tí ojú mi lè dé, àti ọkọ̀ kékeré mélòó kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Màmá," mo ní, "òkun ò sí nílé."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di òpó mú. "Ó lọ ibi iṣẹ́," ó ní. "Omi ń fà, omi ń kún; yóò dé."

Màmá mi ní kí àwa méjèèjì máa lọ bá wòlíì, pé òun á dúró de omi. Ó bọ́ bàtà, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀ sórí kóòtù, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ létí ẹrẹ̀ náà bí ẹni tó ní àdéhùn.

Ilé wòlíì wà lẹ́yìn ọ̀wọ́ ilé kan, ibi tí wọ́n júwe fún wa. Mo wò ó, mo tún un wò. Yàrá kékeré kan ni, bíríkì lásán, bí ibi tí ènìyàn ń gbé ọkọ̀ sí. Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko ti hù lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Àga oníke kan wà lẹ́bàá rẹ̀, omi òjò sì wà nínú àga náà.

Màmá Òkè gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran sókè, sókè pátápátá, ibi tó rò pé orí òrùlé yóò wà. "Ṣé ó dára?"

N ò mọ ohun tó ṣe mí. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Mo tún rántí ilé ìwosàn. Bí mo bá sọ pé wòlíì yìí ò ní ju yàrá bíríkì lọ, ó lè ní wòlíì yìí ò tó, kó sì ní òun ò ṣe ojú mọ́.

"Ó dára gan-an, Màmá," mo ní. "Òrùlé rìbìtì ló ní. Ó ga. Aláwọ̀ ewé ni."

"Bíi tilé wa?"

"Ó ju tilé yín lọ díẹ̀." Ibi tí irọ́ ti ń dùn mọ́ mi nìyẹn. "Òṣùpá wúrà kan wà lórí rẹ̀. Àdàbà mẹ́ta ló bà lé e. Ọ̀kan ń sùn."

"Ọ̀kan ń sùn," ó tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àwa méjèèjì tẹrí ba kí a tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọkùnrin arúgbó kan láti Bangladesh ló ń tọ́jú ibẹ̀, fìlà òwú ló dé. Ó bi mí lédè òyìnbó bóyá ìyá mi àgbà nìyí, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá Òkè pé mo ti sọ pé ìyá mi àgbà ni. "Ìyẹn kì í ṣe irọ́," ó ní. Aṣọ aláwọ̀ ewé bo ibojì náà, òórùn lọ́fínńdà òdòdó sì gba inú yàrá. Màmá Òkè fọwọ́ wọ́ ògiri yí po. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó tẹ́wọ́, ó ṣàdúà tó pẹ́. Ọkùnrin náà fún mi ní dàbínù mẹ́rin.

Nígbà tí a padà sí etí omi, òkun ti dé. Ó kún títí dé ẹsẹ̀ ògiri etí omi. Màmá mi dúró nínú rẹ̀ dé orúnkún nínú aṣọ funfun, ó ń gbàdúrà kíkan, ẹyẹ òkun kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò rẹ̀, ó ń yọ búrẹ́dì wa jáde. Mo sọ ìyẹn náà fún Màmá Òkè bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà, ó sọ fún màmá mi pé òun á lọ ṣe ojú náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ròyìn òrùlé rìbìtì fún un, pẹ̀lú òṣùpá wúrà àti àdàbà. Màmá mi wò mí. Láti etí omi tó dúró sí, kò rí òrùlé rìbìtì kankan. Nígbà tí a délé, ó ní, "Ẹnu tó parọ́ yẹn ni yóò sọ òótọ́." Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo tún sún un síwájú.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe tòsì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wọlé láti ilé ìwé, Màmá Òkè ò sì béèrè ohun tó wà lójú fèrèsé. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ nìyí? Etí rẹ tóbi o. Mo mọ̀ pé ibì kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ń wọ̀ sí." Ó gbá mi mọ́ra. Ó wá ní, "Ó yá, ká padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wòlíì."

Mo gbìyànjú láti ṣàìsàn lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ, màmá mi ò gbà. Màmá Òkè ló ṣíwájú láti ibùdókọ̀, òun ló ń fi nǹkan hàn mí báyìí. Èmi ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn, mo ń so okùn bàtà tí kò tú. Nígbà tí mo bá wọn, òun àti màmá mi ti dúró síwájú ilé náà. Ó wo ògiri. Ó wo koríko orí òrùlé. Ó wo àga oníke.

"Òun nìyí?"

"Òun ni, Màmá."

"Òrùlé rìbìtì náà ńkọ́?"

Mo bú sẹ́kún. "Kò sí níbẹ̀ rí. Irọ́ ni mo pa. Mo rò pé bí ẹ bá mọ̀ pé ó kéré, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú yín."

"Mo mọ̀," ó ní.

Màmá mi yíjú sí i. "Ẹ mọ̀, Màmá?"

"Ìyàwó, ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Nílé wa, bí ènìyàn bá wúkọ́ lábẹ́ òrùlé rìbìtì, ikọ́ náà á lọ sókè, á yí po, kó tó padà wá bá a. Mo wúkọ́ nínú ilé yìí lọ́jọ́ yẹn. Ikọ́ mi ò lọ síbì kankan. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ jókòó."

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò lè dúró. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bi Màmá Òkè pé kí ló wá dé tó fi gbà láti lọ sílé ìwosàn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. "Ọmọ tí kò mọ ohun tí à ń pe lékeléke ló dúró níbí, tó ń kọ́lé fún mi. O kun ún. O fi òṣùpá sí i. O rò ó títí, o fi àdàbà tó ń sùn sí i. Mo jókòó níwájú wòlíì, mo ní, Ọlọ́run, jẹ́ kí n rí ọmọ yìí kó tó dàgbà. Àdúà tí mo ṣe nìyẹn. N ò rántí béèrè nǹkan mìíràn." Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu imú mi. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, èyí tó wà níbẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè wá kọ́ tìrẹ lé e."

A tẹrí ba, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a wọlé. Màmá mi náà wọlé, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì ṣe "Àmín" sí àdúà Màmá Òkè.

Màmá Òkè padà sílé lápá Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga. Ó pẹ́ kó tó kú, ojú rẹ̀ sì ríran dé òpin. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ Yorùbá mi, wọ́n máa ń bi mí pé ìlú wo ni mo dàgbà sí. Wọn kì í gbà pé Castle Green ni.

Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni mí báyìí, ní ilé ìwé kan lápá Valence. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé bàbá òun ní ẹṣin mẹ́wàá ní Marks Gate, nínú ilé alájà mẹ́fà. Mo mọ bàbá rẹ̀, mo sì mọ ilé náà. Mo fa àga kan, mo jókòó tì í, mo bi í pé báwo ni àwọn ẹṣin náà ṣe ń gun àtẹ̀gùn.