Dàbínù Inú Ọkọ̀ Ìpakodò

Mo rántí òórùn ọkọ̀ ojú omi ọ̀sán ààwẹ̀ yẹn: epo ẹ́ńjìnnì àti ẹja yíyan, èmi tí n kò fẹnu kan nǹkan kan láti ìdájí. Ẹ̀pẹ́ lèmi àti ìyá ọkọ mi ti ń bọ̀, à ń lọ bá dókítà ní Ìkòròdú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rù, tí ara mi ń dúdú títí dé èrìgì, tí mo sì ń lá iyọ̀ bí ewúrẹ́. Ìyá ọkọ mi ti bẹ̀ mí kí n má gbààwẹ̀, mo kọ̀. Ìyàwó tuntun ni mí, mo rò pé ọ̀lẹ nìkan ni kì í gbààwẹ̀.

A kò tí ì rí èbúté Ìpakodò nígbà tí òógùn tútù bò mí. Ojú mi ń ṣú.

Ìyá ọkọ mi ní: “Ìyàwó, yanu ẹ, jọ̀ọ́.”

Mo di eyín pinpin. Ẹ̀rù ikú bà mí, ṣùgbọ́n ìtìjú jù ú lọ, torí gbogbo èrò ló ń wò wá.

Ìyá ọkọ mi tú etí ìró rẹ̀, ó mú dàbínù tó fẹ́ fi ṣínu jáde. Ó ti gbẹ, ó le. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí kó ba ààwẹ̀ jẹ́ rí ju dàbínù sẹ́nu, ó rún un lójú gbogbo wa. Mo rí i tí oje rẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ó fìka ya ẹnu mi, ó fi í sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ọkùnrin kan pariwo: “Ìyá, ààwẹ̀ yín ńkọ́?”

“A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ sọ fọ́lọ́kọ̀ kó sáré!”

Adùn yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn àyẹ̀wò tó ní ká lọ ṣe ní Èkó, wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀dọ̀ èèyàn dà bí àká. Ó ń kó ṣúgà pamọ́, bí a kò bá sì jẹun, ó máa ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oje kan tó ń wá láti orí kíndìnrín ló ń ràn án lọ́wọ́ láti kó o jọ, àti láti tú u. Oje yẹn ti gbẹ lára mi. Bí àwọn yòókù bá ń gbààwẹ̀, ẹ̀dọ̀ wọn ń bọ́ wọn. Tèmi kò ní ohun tó máa bù fún mi. Wọ́n fún mi ní kọ́tísóònù, oògùn tó ń rọ́pò oje yẹn, tí màá máa lò lójoojúmọ́, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ mọ́ láé. Mo sunkún bí ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, ìyá ọkọ mi gbààwẹ̀ ọjọ́ kan láti fi san tinú ọkọ̀. Èmi ni mo dáná sààrì fún un. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, lọ́sàn-án ààwẹ̀, òun tí ebi ń pa ló ń gbé oúnjẹ mi wá sí yàrá, tí á dúró títí màá fi jẹ ẹ́ tán.

Mo ti dàgbà ju bí ó ṣe wà nígbà náà lọ. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, tí mo bá fẹ́ jẹun ọ̀sán, mo ṣì máa ń wo ẹnu ọ̀nà kí n tó bu òkèlè.