Irọ́ tí Mo Pa Nípa Ìṣirò

Mo rántí ìgbà tí mo sọ ara mi di olùkọ́ ìṣirò nínú pálọ̀ wa ní Ìkòròdú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbà mí síṣẹ́. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ mi kò ju kí n gba fáìlì lọ́wọ́ ẹnìkan kí n gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, tí mo kírun alásárì tán, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti ń sún mọ́ ìparí sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ ẹnjinníà ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, afárá ni òun fẹ́ máa ṣe. Èmi náà ti sọ fún un láti kékeré pé kò sí ẹni tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi nínú ìṣirò nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Ẹ̀pẹ́.

Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó ṣe ìdánwò ìṣirò kí n tó yege, ẹ̀ẹ̀kẹta náà, díẹ̀ ló kù kí n tún fìdí rẹmi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì ti gbàgbé pé òtítọ́ ṣì ń rìn bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ ọmọ rọrùn. Bí ó bá bi mí ní ìbéèrè, màá fajú ro, màá ní kó lọ ronú sí i. Bí ó bá ṣiṣẹ́ tán, màá gba ìwé rẹ̀ wọ yàrá, màá ṣí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò níbi tí wọ́n tẹ ìdáhùn sí, màá wá fi bírò pupa máàkì í. Ìyàwó mi rí mi, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé kan, ìbéèrè mẹ́wàá ló ṣe. Mo fa igi pupa sí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo tún ní bí ẹ̀jẹ̀ mi bá wà lára rẹ̀ lóòótọ́, kò yẹ kó kùnà gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó pa ìwé dé, ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ṣe ẹnjinníà mọ́, òun á wá iṣẹ́ tí kò ní ìṣirò nínú. Nígbà tí ilé ìwé gba ọlidé, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́.

Ìgbà tó lọ tán ni mo tó tún ìwé náà wò. Ìdánrawò kẹjọ ló ṣe. Ìdáhùn ìdánrawò keje ni mo fi máàkì í. Mẹ́sàn-án ló gbà nínú mẹ́wàá. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi jẹ́wọ́ ojú ewé tí mo ṣì wò, tí kò ní kan ti ipò kìíní rárá. Mo bá àwọn méjèèjì lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń yí ẹja lórí ààrò. Ìyá mi kò jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Ó ní ọmọ sọ fún òun pé òun kò jogún ọpọlọ bàbá òun.

"Ọpọlọ wo?" ni ìyá mi wí. "Ìwọ tí mo bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó padà lọ ṣèdánwò?"

Ọmọ mi kò wo ìyá mi, èmi ló ń wò. "Dádì, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi. Ìdáhùn tí mo sì fi máàkì tìrẹ, ojú ewé mìíràn ni. Mẹ́sàn-án lo gbà. Má bínú, ọmọ mi."

Ó yí ẹja méjì sí i. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ kí n wo ẹyọ kan tí mo kùnà." Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n mi, mo ti gbàgbé ìwé náà sílé.

Láti ìgbà náà, òun di tíṣà, èmi di ọmọ ilé ìwé. Á ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ wọn lọ́jọ́ náà fún mi, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa bi í pé, "Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?" N kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ibi tí ó bá ti ń wá ọ̀rọ̀ tì, ibẹ̀ la mọ̀ pé ihò wà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí i pé ìṣirò ìdajì àti ìdámẹ́rin tí wọ́n kọ́ wọn láti kékeré kò yé e dáadáa rí, nítorí tíṣà wọn nígbà náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín táàmù. Mo lọ bá tíṣà ìṣirò rẹ̀ nílé ìwé, ó yà á lẹ́nu pé òbí kan wá tí kò wá jà. Ó yá wa ní ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, a padà sí ìpìlẹ̀. Ojú ń ti èmi. Kò ti ọmọ.

Ọmọ tún mú ọ̀rọ̀ ẹnjinníà jáde, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó wọ yunifásítì kíákíá. Lọ́dún àkọ́kọ́, máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò àtiwọ yunifásítì kò tó fún ẹnjinníà. Ọjọ́ náà ni mo wúlò jù láyé mi, torí nínú kí èèyàn kùnà kó tún padà lọ jókòó, ọ̀jọ̀gbọ́n gidi ni mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí ojú ṣe máa ń ti ni, bí àwọn ẹgbẹ́ ẹni ṣe máa ń fi ni sílẹ̀ lọ, tí ilẹ̀ sì tún máa ń mọ́. Lọ́dún kejì, ó wọlé.

Ó ti wà ní ọdún kẹta báyìí. Nígbà mìíràn mo máa ń ronú nípa iye ọdún tí ọmọ yẹn fi ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tó kéré sí bàbá kan tí kò sí níbì kankan. Àwọn ará àdúgbò a máa bi mí léèrè ohun tí mo ṣe tí ọmọ fi mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ òtítọ́ fún wọn, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùnà rẹ̀, pé èmi ni mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́pọlọ èèyàn ṣe máa ń rẹ ara wọn sílẹ̀.