Ìkòkò Omi Lẹ́bàá Kòtò Ẹfun

Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ́ sílẹ̀ la ti yanṣẹ́ lódì ní Adó-Èkìtì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Àwa mẹ́sàn-án là ń sun ìkarahun ìgbín di ẹfun tí wọ́n fi ń kun ògiri. Bó bá jóná tán, a ó dà á sínú kòtò, a ó bu omi lé e, yóò sì máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé omi ló ń bí ẹfun nínú.

Lọ́jọ́ kan, ẹfun ta sí ojú Sùnmọ́nù ọ̀rẹ́ mi. Ó ń ké, ó ń táràrà wá omi. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Mọ́ fomi kàn án,” ni mo wí, “yóò hó sí ọ lójú.”

Epo pupa ni mo rọ sí i. Ó gbà mí gbọ́, ó sì jókòó jẹ́ẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Ká ní ẹ tètè fi omi púpọ̀ ṣàn án ni, bóyá ì bá ṣì máa ríran.” N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa ní òun kò nílò afọ́jú. A jókòó sórí òkìtì ìkarahun, Sùnmọ́nù wà láàárín wa. A fẹ́ kí wọ́n fún un níṣẹ́ ìjókòó ṣe, kí omi sì wà lẹ́bàá kòtò.

Ọ̀gá bi wá pé, “Ta ni olórí yín?”

Bàbá Àjàyí, tó dàgbà jù láàárín wa, dáhùn: “A ò lólórí. Ọ̀rọ̀ ojú la bá wá. A ò níí ṣe uṣẹ́ kankan.”

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀gá kó àwọn ará Ìgbẹ́mọ dé láti gba iṣẹ́ wa. Wọ́n wo ojú Sùnmọ́nù, wọ́n sì padà sílé. Ìgbà náà ni ọ̀gá gbà láti gbé ìkòkò omi wá, ṣùgbọ́n ó ní afọ́jú kò ní wọlé.

Ebi ti ń pa àwọn ọmọ wa. Bàbá Àjàyí ní, “Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ jẹ́ ká gba èyí tí a rí.” Sùnmọ́nù jókòó níbẹ̀, ó gbọ́. Èmi náà dìde, mo wọlé lọ síbi iṣẹ́.

Agbọ̀n ni Sùnmọ́nù ń hun ní Ọjà Ọba títí ó fi kú. Ìgbàkigbà tí mo bá kí i, yóò sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé, “Ẹ kí i dáadáa. Lọ́jọ́ tí ojú mi lọ, òun ló dì mí mú.”

Ìkòkò omi náà la jèrè, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore lẹ́yìn wa. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ fún Sùnmọ́nù, ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún.